Ìyá Àgbà Ń Lọ Sílé, Ọmọdé Ń Fi Ilé Sílẹ̀

Ní ọdún 1962, ìjọba Bràsíìlì rán òǹkọ̀wé kan wá sí Èkó pé kó wá máa bójú tó ọ̀rọ̀ àṣà ní iléeṣẹ́ aṣojú wọn. António Olinto ni orúkọ rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Zora Seljan, tó jẹ́ òǹkọ̀wé bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ wá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kó fi Bràsíìlì han ará Èkó. Àmọ́ nígbà tó wọ Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé àti àwọn ọmọ wọn, Bràsíìlì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó bá àwọn tó ń jẹ́ da Silva, Pereira, Medeiros àti Cardoso. Ó bá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọnà ara fèrèsé wọn jọ ti Bahia. Ó bá àwọn ìyá tó ń se fúréjọ̀n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere: ẹ̀wà tó jinná tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n tún wá fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń rò ó lórí iná kó má baà jó nídìí. Ó sì bá ìyá àgbà kan tí Potogí ṣì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, Romana da Conceição.

Bràsíìlì ni wọ́n bí ìyá yìí sí. Ọmọdé ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Aliança pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1900. Ìrìn àjò náà pẹ́, ó sì nira. Àwọn kan kú sójú òkun. Ìtàn rẹ̀ wà lára ohun tí Olinto fi hun ìwé ìtàn àròsọ tó sọ Pópó Àgùdà di mímọ̀ jákèjádò ayé, A Casa da Água, èyí tó jáde ní 1969. Ní ọdún kejì, Dorothy Heapy ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó jẹ́ kí ìwé yìí yàtọ̀ ni ojú tí Olinto fi wo ìrìn àjò náà. Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn Àgùdà, a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdùnnú: lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, wọ́n sì ń bọ̀ títí di ẹ̀yìn ìgbà tí oko ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Bràsíìlì ní 1888. Ẹrú di òmìnira, ọmọ sọnù, ọmọ padà wálé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó sọnù kì í dá nìkan bọ̀. Ó ń kó ọmọ àti ọmọ-ọmọ bọ̀, àwọn tí kò fojú kan Èkó rí, tí ọ̀rẹ́ wọn, ọjà wọn àti ibojì bàbá wọn wà lọ́hùn-ún.

Nínú ìwé náà, àkúnya omi ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Piau ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Catarina, ìyá àgbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àìná kí wọ́n tó tà á lẹ́rú, ní àfi kóun padà sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Epifânia, kó àwọn ọmọ tirẹ̀ tẹ̀lé e. Mariana wà nínú wọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní Bahia. Afẹ́fẹ́ wá dákẹ́, ọkọ̀ dúró gbagidi láàrin agbami. Omi mímu ń tán lọ, àìsàn wọlé, wọ́n ń ju òkú sí òkun. Ìyá àgbà ń ka ohun tó kù kó tó débẹ̀; Mariana ń ka ohun tó fi sílẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ọ̀kan ń bọ̀ láti oko ẹrú, èkejì ń lọ sí àjò tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbẹ́ Mariana ni Olinto dúró sí, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó dúró. Ká ní ojú Catarina ló fi wò ó ni, ìtàn ì bá parí ní èbúté. Èyí ti Mariana ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ń kọ́ Yorùbá, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, ó dàgbà, ó lọ́kọ. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ kànga sílé, tó ń ta omi, tó sì fi dolówó. Kò sí ọjọ́ kan tó jí tó ní òun ti di ará Èkó wàyí. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà yẹn ń wọ̀ ọ́ lára, Bràsíìlì kò sì fìgbà kan kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Kànga náà kì í ṣe àlá. Ní Òpópónà Kakawa ni Water House wà, ilé olómi tí ìdílé da Rocha kọ́. João Esan da Rocha jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré. Ó padà sí Èkó ní nǹkan bí ọdún 1870, ó gbẹ́ kànga sí ilé rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá ra omi níbẹ̀. Lásìkò yẹn, omi ẹ̀rọ Ìjú kò tíì dé, omi tó dára sì ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù. Ọ̀rọ̀ omi gbóná débi pé ní 1908, owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà ló mú kí Dókítà Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Ọmọ João, Cândido, di gbajúgbajà olówó l'Ékòó. Bahia ni wọ́n bí Cândido sí ní 1860, èyí túmọ̀ sí pé nínú ilé tòótọ́ náà, bàbá ń bọ̀ wá sílé, ọmọ ń kúrò nílé. Cândido kú ní 1959, ọdún mẹ́ta kí Olinto tó dé.

Olinto wá fi obìnrin rọ́pò ọkùnrin nídìí kànga. Ẹni tó bá mọ Èkó kò ní bá a jiyàn. Obìnrin tó fi òwò gbé ilé ró, tó sì rán ọmọ lọ sókè òkun, a mọ̀ ọ́n, inú ilé wa ló wà. Ọmọ Mariana kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó padà di ààrẹ orílẹ̀-èdè kan tí Olinto fi orúkọ Zorei dá sílẹ̀, wọ́n sì pa á. Ẹni tó bá ka ibí yìí tí kò rántí Sylvanus Olympio, ààrẹ Tógò, tí àwọn ṣọ́jà pa ní Lomé ní January 13, 1963, kò tíì kà á dáadáa. Ìran Àgùdà ni Olympio. Èkó ni Olinto wà nígbà tí ìròyìn náà tàn. Ìyá tó ti pàdánù ìlú tún wá pàdánù ọmọ, fún ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró.

Ní ọdún 1963 yẹn kan náà, ìyá Romana padà lọ wo Bràsíìlì, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ ìwé àròsọ lórí ìrìn àjò yẹn bó ṣe yẹ, ó sì ń dùn mí. Ọmọdé tó fi ilé sílẹ̀ lọ́ranyàn, tó padà débẹ̀ ní arúgbó: ewo nínú ìlú méjèèjì ló wá ń lọ sí?

Fíìmù ló sún mọ́ ìbéèrè yẹn jù. Ọlá Balógun, tó ti ṣe Àjàní Ògún ní 1976, kọjá sí Bràsíìlì, ó sì ṣe A Deusa Negra, èyí tó jáde ní 1978. Remi Kabaka ló ṣe orin rẹ̀. Babátúndé, ọmọ Nàìjíríà, jẹ́jẹ̀ẹ́ fún bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ pé òun á wá ẹbí wọn tí wọ́n kó lẹ́rú rí ní Bràsíìlì. Fíìmù náà ń lọ sí ayé oko ẹrú, ó sì ń bọ̀ sí ayé òde òní, títí òkú àtijọ́ àti alààyè fi ń wo ara wọn lójú. Ìrìn àjò Mariana ni, àmọ́ ó dorí kodò: ẹni tí kò kúrò nílé rí ló ń ru àdánù ẹni tó sọnù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Babátúndé ń wá ìdílé. Mariana kò wá nǹkan kan, ohun tó ní ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Mariana fi wọ̀ mí lára ju ti Babátúndé lọ.

Potogí ni iṣẹ́ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ohùn méjì ló wà lórí ọkọ̀ Mariana, ìyá àgbà tó ń fi Yorùbá rántí ilé, ọmọdé tó ń fi Potogí sunkún. Mo fẹ́ kí àwọn òṣèré wa gbé ìtàn náà jáde pẹ̀lú ohùn méjèèjì, kí wọ́n sì yà á ní Kakawa, ní Campos, ní Bámgbóṣé, kí ilé tó máa dúró fún ẹlẹ́rìí tó tán. Ní September 11, 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú Square, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù níbẹ̀ báyìí, pákó àti ọ̀dà ló máa fi ṣe é.