Onílàjà ECOWAS: Ibi Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Mọ Nígbà Tí Ará Ìlú Bá Dìde

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2014, ará ìlú Burkina Faso rọ́ sí ìgboro Ouagadougou, wọ́n dáná sun ilé aṣòfin. Blaise Compaoré, tó ti lo ọdún 27 lórí àlééfà, fẹ́ tún òfin ṣe kó lè tún díje. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó sì sá kúrò nílùú.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Goodluck Jonathan ti Nàìjíríà, John Mahama ti Ghana àti Macky Sall ti Senegal fi gúnlẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ onílàjà ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nìyẹn: kó pe ṣójà, olóṣèlú, aṣáájú ẹ̀sìn àti lọ́balọ́ba jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí yóò tukọ̀ ìlú dìgbà ìbò. Michel Kafando ni wọ́n padà yàn.

Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 2001 ni onílàjà ń gbé dání. Ó ní ìbò nìkan ni kí wọ́n fi dé orí àlééfà, ṣùgbọ́n kò sọ iye sáà tí ààrẹ lè lò. Lẹ́yìn ti Burkina, wọ́n gbé àbá sáà méjì péré kalẹ̀ ní Accra, oṣù karùn-ún 2015. Togo àti Gambia kọ̀ jálẹ̀. Àbá wọmi.

Ibi tí agbára onílàjà mọ tún hàn ní Mali. Nígbà tí èrò Bamako ní kí Ààrẹ Ibrahim Boubacar Keïta máa lọ lọ́dún 2020, Jonathan ni ECOWAS tún rán. Ààrẹ márùn-ún, Buhari pẹ̀lú wọn, lọ síbẹ̀ lóṣù keje. Wọ́n ní kí aṣòfin 31 tí ìbò wọn fa awuyewuye fipò sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí Keïta jókòó sáyè rẹ̀. Àwọn olùfẹ̀hónúhàn kò gbà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, ṣójà gbé Keïta. Kíá ni ECOWAS ti ẹnubodè.

Àwọn àgbà abúlé Ọ̀nà-Àrà nílẹ̀ Ìbàdàn mọ ìlàjà tó yàtọ̀ sí èyí. Lọ́dún 1969, lẹ́yìn tí ìbọn ìjọba kò borí Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde nítorí owó orí, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú wọn, sọ̀rọ̀. Owó orí tó dá ìjà sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ó wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ní ti ECOWAS, ìjìyà ló tún kọ́kọ́ yọ: nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger lóṣù keje 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì já iná. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Ó ṣẹ́ku orílẹ̀-èdè 12. Bí àjọ náà bá fẹ́ kí onílàjà rẹ̀ níyì lójú ará ìlú, àbá sáà méjì tí wọ́n pa tì ní Accra ni kó tún gbé jáde.