Yíyọ̀ Inú Àmù Omi

Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àmù omi yín. Ẹ fọwọ́ pa á lára nínú. Ṣé ó ń yọ̀ bí ilá? Ilé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Kòkòrò àrùn onígbáméjì, tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà, mọ irú ilé yìí í kọ́. Ibi tí omi òkun àti omi odò ti pàpọ̀ ni ó ti ń gbé. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀sà Porto-Novo àti ti adágún Nokoué. Kòkòrò náà máa ń lẹ̀ mọ́ ewé inú omi àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó jọ edé. Bí a bá pọn ọ́n wálé, ó lè wọ inú yíyọ̀ àmù.

Báwo ni ó ṣe ń kọ́lé?

Àṣẹ ilé kíkọ́ wà nínú ara kòkòrò láti ìgbà tí a ti bí i, bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan a máa tú nǹkan kan sínú omi tí àwọn yòókù fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó dà bí ariwo ọjà: ẹni tí kò tíì dé ọjà ti mọ̀ bóyá èrò pọ̀. Nígbà tí wọn kò pọ̀, àṣẹ náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n a sì máa kọ́lé. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ gan-an, àṣẹ náà a dáwọ́ dúró. Wọn a jáde lọ wá ibòmíràn.

Nínú ilé yìí, omi Javel kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Omi kíkan inú ikùn wa pàápàá kì í tètè pa wọ́n.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ inú àmù dáadáa. Ṣíṣàn nìkan kò tó.
2. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́rin sẹ́ omi. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn abúlé Bangladesh tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí i tí onígbáméjì dín kù ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.
3. Lẹ́yìn sísẹ́, ẹ se omi náà títí yóò fi hó.
4. Ẹ bo àmù. Ẹ fi ife ọlọ́wọ́ gígùn bu omi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ bí omi ìrẹsì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Onígbáméjì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìbéèrè

Ìgbà wo ni ẹ fọ inú àmù yín kẹ́yìn? Kí ni ẹ fi fọ̀ ọ́?