Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Aláìníṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀ láàárín wa, òun ni a fẹ́ sọ. Ọmọ jáde ilé-ìwé, ó wà nílé ọdún méjì, bàbá wá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tí kò níṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ju 4 tàbí 5 nínú 100 lọ. Ni bàbá bá kọjú sí ọmọ pé, "Gbogbo ayé ń ríṣẹ́, ìwọ nìkan ni kò rí. Ọ̀lẹ ni ọ́!" Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Fún oṣù mẹ́ta ìparí ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ti Ìjọba Àpapọ̀, National Bureau of Statistics, sọ pé 33.3 nínú 100 ni kò níṣẹ́. Ní August 2023 wọ́n gbé òmíràn jáde: fún oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, 4.1 péré. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ti rọ̀ bí òjò. Iṣẹ́ kò rọ̀. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí ní ọ̀sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fi wákàtí kan ṣoṣo wá owó tàbí èrè ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bi í léèrè, oníṣẹ́ ni. Ẹni tí ó sì ti wáṣẹ́ títí tí ó sú u, tí kò wá a mọ́, kò sí lára aláìníṣẹ́ rárá.

A kò sọ pé wọ́n ṣe èrú o. Òfin ILO, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni, kí a lè fi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjọba ti ń fún aláìníṣẹ́ ní owó oúnjẹ, ènìyàn lè jókòó kí ó fara balẹ̀ wá iṣẹ́ tí ó bá a mu. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá jókòó, ebi ni yóò pa á. Òtòṣì kò ráyè wà láìníṣẹ́. Yóò ru ẹrù, yóò ta omi. Nítorí náà iye kékeré yẹn lè jẹ́ àmì ìṣẹ́, kì í ṣe àmì ọrọ̀.

Àwa tí a ń kọ̀wé ní rélùwéè mọ irú èyí. Bí a bá kọ ọ́ pé wágọ̀nù 20 kọjá lónìí, òtítọ́ ni. Bí ogún náà bá ṣófo ńkọ́? Ẹrù inú rẹ̀ ni ń mú owó wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹrù inú rẹ̀. Láti April dé June 2024, wọ́n ní 4.3 nínú 100 ni kò níṣẹ́. Nínú ìwé kan náà, 85.6 nínú 100 àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ni ó jẹ́ pé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe, 93 sì ni iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ òfin àti ààbò kankan. Ìyá tí ó pàtẹ àkàrà wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, àti ọmọ tí ń fi kẹ̀kẹ́ Marwa olówó gbé èrò. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín wọn. Ṣùgbọ́n bí ara wọn kò bá yá lọ́sẹ̀ kan, kò sí ẹni tí yóò san owó ọ̀sẹ̀ náà.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, a bẹ̀ yín kí ilé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ọmọ wọn tí ó ti pé ọdún 18 wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́: iṣẹ́ tí ó mọ̀, wákàtí mélòó ni ó ń ṣe lọ́sẹ̀, àti bóyá ó ṣì ń wá òmíràn. Nínú ìwé wa yìí a ń kéde ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó gbéyàwó. Kò burú bí a bá kéde ẹni tí ó mọ aṣọ rán tí kò ní maṣíìnì. Ẹ kọ orúkọ àwọn obìnrin náà o, kì í ṣe ọkùnrin nìkan.