Bọ́ǹbù Ìkẹjà Kò Pa Wọ́n, Omi Ló Gbé Wọn Lọ

Lọ́dọọdún, bí ó bá ti di ọjọ́ 27 oṣù kìíní, àwọn ènìyàn a máa pé jọ sí Òkè-Àfà, ní ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, láti gbé òdòdó sí ìdí òkúta ìrántí kan. Bàbá a máa ṣọ̀fọ̀ ọmọ, aya a máa ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Àlejò tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ lè rò pé ibẹ̀ gan-an ni bọ́ǹbù ti dún lọ́dún 2002. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú bárékè àwọn ṣọ́jà ní Ìkẹjà ni bọ́ǹbù ti dún, Ìkẹjà sí Òkè-Àfà kò sì dín ní máìlì mẹ́rin. Kí ló wá gbé òkú ènìyàn dé ibi tí bọ́ǹbù kò dé? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa jíròrò lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń gbé láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tí ilé iṣẹ́ ńlá, ilé ìwé, ọjà àti ilé gbígbé ti fi ẹ̀yìn ti ara wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Àwọn onígbàgbọ́ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti jẹun ọ̀sán, oòrùn sì ti ń rọlẹ̀. Iná ràn dé ibi tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí nínú bárékè náà, ni ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì. Ó dún, ó tún dún, kò sì dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gíláàsì fèrèsé ń fọ́, òrùlé ń ṣí, irin gbígbóná ń fò bọ́ sí àdúgbò. Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́ta lórí àga nígbà náà, nítorí náà àwọn kan ní àwọn ṣọ́jà ló tún fẹ́ gbàjọba. Àwọn mìíràn ní ogun ti wọ Èkó. Ta ni wọn ìbá bi léèrè? Tẹlifóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilẹ̀ wa ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú ni, owó rẹ̀ wọ́n bí ojú, àwọn ọlọ́lá ló ń gbé e kiri.

Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó rí ẹni tó ń sáré bá a sáré. Ìyá pọn ìkókó, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mìíràn kò rí òbí wọn mọ́, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé èrò lọ. Nígbà tí wọn yóò fi dé Òkè-Àfà, òkùnkùn ti kùn. Ewéko ti bo ojú omi kánáàlì ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí pápá koríko lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni iwájú rì, ẹni ẹ̀yìn kò mọ̀, èrò sì ń ti ara wọn bọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa òkú jáde. Iye àwọn tó kú nínú jàǹbá náà lápapọ̀ lé ní 1,000; inú omi ni wọ́n ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn jọjọ.

Ọ̀gá ṣọ́jà tó wà níbẹ̀, Ọ̀gágun George Emdin, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú. Ó ní ilé ìkóhun-ìjà náà ti gbó, àti pé wọ́n ti ń gbìyànjú àtitún un ṣe kí jàǹbá tó dé. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ti èrò tiwa, kì í ṣe ẹ̀tù ló pa àwọn tó bọ́ sí kánáàlì. Àìsí ẹni tí yóò tètè sọ fún wọn pé, ẹ má gba ibí, ẹ dúró sí ọ̀hún, ló pa wọ́n. Gbólóhùn kan péré lórí rédíò, tàbí ọlọ́pàá méjì pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu kánáàlì, ìbá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, bàálù Dana tó ń ti Àbújá bọ̀ já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgà, nítòsí Agége. Gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ó sì pa àwọn mìíràn tó wà nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, dípò kí èrò sá fún iná, ìdí iná ni wọ́n ń sá lọ. Òpópónà tóóró, òǹwòran lọ bíi rẹ́rẹ, àwọn panápaná ń wá ọ̀nà àtikọjá. Ọmọ Yorùbá fẹ́ràn ìran wíwò, a kò lè purọ́ ìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ewu mìíràn tún gba Ìkẹjà wọlé. Eléyìí kò pariwo rárá. Patrick Sawyer, tó ti ilẹ̀ Làìbéríà wá, sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed pẹ̀lú àìsàn lára. Àwọn dókítà ìjọba ń yanṣẹ́ lódì nígbà náà, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé, First Consultants, ni wọ́n gbé e lọ. Gbogbo wa la bú àwọn dókítà nítorí ìyanṣẹ́lódì yẹn. Síbẹ̀, ká ní inú wọ́ọ̀dù ìjọba, níbi tí aláìsàn ti ń fara kan ara wọn, ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ta ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìbá yọrí sí?

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló wò ó dáadáa, tí ó bi í ní ìbéèrè, tí ara sì fu ú pé Ebólà ni, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àrùn náà rí láyé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò. Àwọn aṣojú ìjọba Làìbéríà ní kí ó yọ̀ǹda rẹ̀, pé ó ní ìpàdé pàtàkì ní Kàlàbá. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù keje. Àrùn náà ran Dókítà Adadevoh, òun náà sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Iṣẹ́ tó kù wá di iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ta ló bá ọkùnrin yìí wọkọ̀? Ta ló fọwọ́ kàn án? Ta ló jókòó ti ẹni tó fọwọ́ kàn án? Wọ́n kọ orúkọ ènìyàn 894. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé láti wo bóyá ara wọn ń gbóná, ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 21, títí àbẹ̀wò náà fi tó nǹkan bí 18,500. Àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ni wọ́n yí padà sí ti Ebólà, Dókítà Faisal Shuaib sì kúrò nídìí ti àkọ́kọ́ wá ṣe olórí ti èkejì. Àlejò kò tíì kan ilẹ̀kùn tí àga ti wà ní pálọ̀. Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ sá lọ sí Port Harcourt, ó mú àrùn náà dé ibẹ̀, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níkọ̀kọ̀ sì kú. Lápapọ̀, ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 ló kú. Ní Làìbéríà, Gíní àti Sàró, àwọn tó kú lé ní 11,000. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebólà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọlọ́jà kò ní gbàgbé ti iyọ̀. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìròyìn òfegè gba orí tẹlifóònù kiri pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí Ebólà má baà mú wọn. Àwọn kan mu ún títí wọ́n fi kú. Lọ́dún 2002, ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 2014, irọ́ ti jí kí òótọ́ tó bọ́jú.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan gba pápákọ̀ òfurufú kan náà wọlé, ó sì kọjá lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Èwekorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn Kòrónà lára rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ilé iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá. Ẹ̀yin tí ilé iṣẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé yín ní Ọ̀rẹ́gùn, ní Ògbà tàbí ní Agége, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ bóyá nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nínú táǹkì ńlá tí ẹ ń rí lórí fẹ́ǹsì? Ìbéèrè kò ní owó orí.

Ẹ̀yin tíṣà, ìwé orúkọ tí ẹ ń pè láràárọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi lé Ebólà lọ. Ọjọ́ tí iná bá sọ, òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé dání, kí ẹ sì ti fi ibi tí àwọn ọmọ yóò dúró sí hàn wọ́n kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ̀yin ìyálọ́jà náà, ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà tí orúkọ onísọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan àti tẹlifóònù ará ilé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ bá wa bá àwọn tó ń pàtẹ sí ojú ọ̀nà wí pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ panápaná kì í fò lórí tábìlì tòmátì.

Nọ́ńbà tí ará Èkó ń pè nígbà jàǹbá ni 767 tàbí 112, wọn kì í gba owó ìpè. Kí ẹni tó bá pè sọ orúkọ òpópónà, bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ibẹ̀, iye ènìyàn tó fara pa bí ó bá mọ̀ ọ́n, àti ohun tó ń jó, nítorí wọn kì í da omi lásán sí iná epo.