Ilé tí Ìwà ń Gbé

Láyé àtijọ́, kí òbí tó fa ọmọbìnrin fún ọkọ, kì í ṣe ojú tí ó rẹwà tàbí oko tí ó gbòòrò nìkan ni wọ́n ń wò. Alárinà á kọ́kọ́ lọ, àwọn àgbà á tẹ̀lé e, wọ́n á sì máa fi ọgbọ́n wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá olè tàbí oníjà ni àwọn baba ńlá wọn, nítorí wọ́n gbà tọkàntọkàn pé ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún ń wí pé bí a bá bíni, ó yẹ kí a tún ara ẹni bí, tí wọ́n sì ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ó lọ gba ẹ̀kọ́, bí ẹni pé kò sí ohun tí a bí mọ́ ẹ̀dá tí ẹ̀kọ́ kò lè tún ṣe. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe méjèèjì lè rò pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa ọpọlọ àti nípa àjogúnbá sì fi hàn pé ẹjọ́ náà kò yọ ẹnì kan sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ẹnì kan lẹ́bi pátápátá.

Inú oyún ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ara ènìyàn kún fún àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 46 gbé wà, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, lórí àwọn okùn wọ̀nyí ni a sì ti rí nǹkan bí 20,000 jíìnì, èyí tí ń kọ́ ara bí yóò ṣe pèsè àwọn èròjà tí ó fi ń mọ ara rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé èròjà ni mo wí, n kò wí ìwà. Kò sí jíìnì olè, kò sí ti ìlara, kò sì sí ti àgbèrè. Ohun tí jíìnì lè ṣe kò ju pé kí ó bá wa mọ ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára lọ, kí àwọn wọ̀nyí sì mú kí ará ilé kan tètè bínú, kí èkejì sì jẹ́ onísùúrù láti ìgbà ọmú. Àrokò ni jíìnì tí àwọn tó ti kú fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà láàyè, bí ilé tí a gbé e dé bá sì ti rí ni a óò ti túmọ̀ rẹ̀.

Ọpọlọ tí a mọ bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó kílò kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n alájẹkì gidi ni, nítorí bí a bá jókòó jẹ́jẹ́ tí a kò ṣe iṣẹ́ kankan, òun nìkan ni yóò lo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí gbogbo ara ń lò. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Brazil, tí Suzana Herculano-Houzel wà lára wọn, ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn kiri nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé wọ́n tó bílíọ̀nù 86. Láti orí ni iṣan ti gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá dé ọwọ́, dé ẹsẹ̀, dé ìfun. Bí epo gbígbóná bá ta sí ìyá alákàrà lọ́wọ́, ọwọ́ náà yóò ti fà sẹ́yìn kí orí tó mọ̀ pé ó jóni, nítorí inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ náà ti jáde, ìgbà tí ìròyìn bá dé òkè ni ó tó ké "Yéè!" Ṣùgbọ́n bóyá yóò gbá ọmọ tí ó ti agbada létí ni, tàbí yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí ó lọ bu omi tútù wá, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, iwájú orí, lẹ́yìn egungun iwájú wa gan-an, ni a ti ń kó ara ẹni níjàánu.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ là wá lójú sí èyí kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Phineas Gage ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 25, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń la ọ̀nà reluwé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1848, lẹ́bàá ìlú Cavendish ní Vermont, ó ń fi ọ̀pá irin ki ẹ̀tù mọ́ inú ihò àpáta nígbà tí ẹ̀tù náà gbiná lójijì, tí ó bú gbàù, tí ọ̀pá náà, tí ó gùn ju mítà kan lọ tí ó sì wúwo tó kílò mẹ́fà, gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wọlé, tí ó gba àtàrí rẹ̀ jáde, tí ó sì lọ balẹ̀ lókèèrè. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọkùnrin náà kò kú. Kò pẹ́ tí ó tún ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó ganrangan nínú ọkọ̀ tí màlúù ń fà títí ó fi dé ilé tí ó wọ̀ sí, níta ilé náà ni dókítà sì ti bá a lórí ìjókòó. Dókítà John Harlow ni ó tọ́jú rẹ̀ títí ọgbẹ́ fi jinná. Ojú òsì ni kò ríran mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Harlow kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí a mọ̀ sí ọmọlúàbí tẹ́lẹ̀ di ẹlẹ́nu èébú, kò gbọ́ ìmọ̀ràn, ó ń pète ohun púpọ̀ kò sì parí ọ̀kan, àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ kò sì fẹ́ gbà á padà. Ó rántí ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, ẹ̀rọ̀ inú rẹ̀ àtijọ́ ni a kò rí mọ́. Bí ó bá jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, ta ni kì bá wí pé ayé ló ṣe é? Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó pa ìtàn náà dé síbẹ̀, èyí tí kò tọ́ sí òkú ọkùnrin yẹn, nítorí ó lọ sí Chile lẹ́yìn náà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí ń kó èrò, iṣẹ́ tí ń fẹ́ kí ènìyàn tètè jí, kí ó mọ ọ̀nà, kí ó sì mọ bí a ti ń bá èrò lò. Ó jọ pé iṣẹ́ tí ó létò lójoojúmọ́ bá a tún púpọ̀ ṣe nínú ohun tí irin bàjẹ́, kí wárápá tó gbé e lọ ní ọdún 1860. Agbárí rẹ̀ àti ọ̀pá náà wà ní Yunifásítì Harvard di òní.

Ti àjogúnbá ńkọ́? Àrùn kan wà tí à ń pè ní Huntington, tí ó pọ̀ ní àwọn abúlé kan létí adágún Maracaibo ní Venezuela. Bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bí, bí ẹni ta owó sókè ni: orí tàbí ìrù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò lùlù fún, ìbínú òjijì àti ìbànújẹ́ á ti gba ọkàn onítọ̀hún. Nancy Wexler, obìnrin tí àrùn náà pa ìyá rẹ̀, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lépa rẹ̀ títí wọ́n fi mọ ibi tí jíìnì rẹ̀ lúgọ sí ní ọdún 1983, tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ gan-an ní 1993. Níbí yìí, òwe ẹkùn jàre.

Ẹ wá wo èkejì rẹ̀. Ní ọdún 1934, ìyá kan ní orílẹ̀-èdè Norway gbé ọmọ méjì tí ọpọlọ wọn kò jí pépé tọ dókítà Asbjørn Følling lọ, nítorí ìtọ̀ wọn ń rùn lọ́nà tí kò yé e. Følling rí i pé ara àwọn ọmọ náà kò lè lo èròjà kan tí ó wà nínú ẹran, wàrà àti ẹ̀wà, èròjà náà sì ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ títí tí ó fi ń ba ọpọlọ jẹ́. Àjogúnbá ni, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá tí ara tiwọn le koko. Nígbà tí ó di 1953, Horst Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham ròyìn bí wọ́n ti fún ọmọ kan ní oúnjẹ tí a ti dín èròjà náà kù nínú rẹ̀, tí ìṣe ọmọ náà sì sàn sí i. Lónìí, ọmọ tí a bá tètè rí àrùn yìí lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tí a sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, a máa dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Jíìnì kò yí padà. Oúnjẹ ni ó yí padà.

N kò ní pẹ́ lórí ìbejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìran tí Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn ń bẹ̀ wò bíi tiwa. Àwọn tí ẹyin kan là sí méjì ni jíìnì wọn bára mu délẹ̀, wọn kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí wọ́n ti pọ̀ níbòmíràn lọ. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbejì wa ti wá, nítorí náà bí Táyé bá jẹ́ oníwà tútù tí Kẹ́hìndé sì jẹ́ iná, kí ó má ṣe ya ìyá wọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù lọ ń bẹ ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, àgbà dókítà ọpọlọ àti iṣan, pẹ̀lú Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ti Indianapolis, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1992: wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń bi àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sókè ní ìbéèrè láti mọ ẹni tí ń ṣarán àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé, wọ́n sì ń ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn jẹ́ ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí a kó lẹ́rú. Nígbà tí wọ́n gbé ìṣirò wọn jáde ní 2001, ó hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé tí à ń pè ní Alzheimer ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.15 ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Jíìnì kan tilẹ̀ wà, ẹ̀yà APOE kan, tí ń ti àwọn aláwọ̀ funfun sínú àrùn náà. Ó pọ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn, síbẹ̀ nígbà tí Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wò ó, wọn kò rí i kí ó fa àrùn náà níbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí yí ojú sí ni oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò ru, àti àtọ̀gbẹ tí kò wọ́pọ̀. Lójú tèmi, èyí ni ìdáhùn tí ó dára jù tí a lè fún ẹni tí ó bá ń wí pé ohun tí a jogún ti dé orí ẹni, kò sí àtúnṣe.

Kí a má sì tìtorí pé tiwa kéré ká wí pé kò sí. Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ni ó ń jáde lóru láì mọ ibi tí ó ń lọ, tí ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tí ó ti kú, tí ń wí ohun tí kò ṣe pé òun ṣe é, tí àwọn ará àdúgbò á sì ní àjẹ́ ń ka ni. Ọpọlọ ni ó ń gbó, kì í ṣe ẹyẹ ni ó ń fò. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sí i, ẹ má sì ṣe gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti dè é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tàbí sí ti Arò ní Abẹ́òkúta, tàbí sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì sọ fún dókítà ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀.