Kí Ni À Ń Wá Gan-an?

  

Bí àwa ọmọ Yorùbá bá pàdé ara wa ní ìlú Ọba níbí, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé "Ọmọ ibo ni ọ́?" ni "Kí lò ń kà?" Ẹni tí a bá bi yóò dáhùn kíá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kún un pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A ti wo ẹ̀rín náà títí, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Ògúndá Méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá sì ti kọ ọ́ sínú ìwé: ìtàn Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ìsálọ́run bọ̀ wá sílé ayé, tí wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé bí a ti yàn án ni yóò rí. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó wú wa lórí ni bí olúkúlùkù wọn ṣe ra ọjà tirẹ̀.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, ni wọ́n bá wọ inú àká orí fúnra wọn. Wọ́n rí èyí tó tóbi, tó ń dán, wọ́n gbé e, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó jiná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, amọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Nígbà tí wọ́n dé ayé, èrè gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, orí tó yọ́ ni wọ́n fi ń tún ṣe.

Afùwàpẹ́ pẹ́ lẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n difá fún un, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ní ọ̀nà, ó bá ẹnìkan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án, ẹni náà sì tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó tó ń sin gbèsè lẹ́nu ọ̀nà; Àjàlá fúnra rẹ̀ ti sá sí òkè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọ inú àká, wọ́n sì ń fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò. Èyí tí kò jiná fọ́. Èyí tó jiná dún. Àká kan náà ni, ojú tí Afùwàpẹ́ sì ní kò ju ti àwọn yòókù lọ.

(Ẹ má bínú, a kò ní kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí lọ difá. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ọ̀pá irin ni à ń sọ.)

Orí tí àwa ń yàn níhìn-ín ni orúkọ ẹ̀kọ́. Ẹni tó ka ìṣírò owó nílé yóò gba ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú, kì í ṣe pé ọ̀ràn àìsàn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, bí kò ṣe pé ọ̀rẹ́ kan ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tètè gbani wọlé. Wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n kó èsúsú, ẹ̀gbọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọdún kan péré ni ọ̀pọ̀ dìgírì kejì níhìn-ín. Kí ojú tó là sí ibi tí a wà, iṣẹ́ ìwádìí ti dé, a sì tún ní láti ṣe iṣẹ́ wákàtí 20 tí òfin gbà lọ́sẹ̀, alẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Òjò sì rọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí náírà 460 tẹ́lẹ̀ ti kọjá náírà 1,500 nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi parí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ yìí ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè kó ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ àwọn tó fẹ́ ti òkè òkun wá ṣe é. Ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe, òjò yìí pa òun náà. Aṣọ rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò yọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló wá fún ńkọ́?

A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó wá owó tàbí ìwé ìgbé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tó sọ ọ́ gbangba pé ìwé ìgbé ni òun ń wá sàn ju ẹni tó fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìmọ̀ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ṣírò rẹ̀: èló ni, ọdún mélòó ni? Ó tilẹ̀ lè rí i pé ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ọ̀nà. Ẹni kejì yóò máa bínú sí olùkọ́, yóò máa bínú sí ìwé, kò sì ní mọ̀ pé ohun tí òun ń bínú sí kò sí nínú kíláàsì.

Ẹ wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọdún 1944 ló wá ka òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni ọdún 35, lẹ́yìn tó ti ṣe tíṣà, akọ̀ròyìn, oníṣòwò kòkó àti ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Ó di lọ́yà ní 1946. Láàárín ìgbà náà, ó wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní ìlú yẹn ní 1945, ó sì kọ ìwé lórí ọ̀nà òmìnira Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1947. Ọkọ́ ni òfin jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ oko tó fẹ́ fi í ro.

Ti Fẹlá yàtọ̀. Ní 1958, ilé rán an wá sí Lọ́ńdọ̀nù kó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè àti àbúrò rẹ̀ Béékò ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ orin ló wọ̀. Wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ó dé, ó mọ̀, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé orin ni, kò tíì mọ irú orin wo. Ó padà sílé ní 1963, ó ń fi jáàsì lu háíláìfù. Ìgbà tó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ni ohun tó ń wá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ọdún mọ́kànlá! Nítorí náà, kí ẹni tí kò tíì mọ gbogbo rẹ̀ má bọkàn jẹ́.

Ọ̀pá irin wo ni àwa ní? A ti gbìyànjú ọ̀kan tàbí méjì. Bí ará ilé kò bá ní gbọ́ orúkọ dìgírì náà láé, ṣé a ó ṣì kà á? Ǹjẹ́ a ti rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, kì í ṣe lọ́jọ́ tó wọ aṣọ oyè ya fọ́tò? Àwọn tó ti ṣáájú wa wà ní ìlú yìí. Wọ́n ní ìtàn púpọ̀. Ẹni tí yóò fi abọ́ ìrẹsì kan san gbèsè Àjàlá ni wọn kò rí.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò ọ̀kan nínú wa kọ̀wé láti Òṣogbo: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ wo ló ń tètè mówó wọlé lọ́hùn-ún?" A kò dárúkọ ẹ̀kọ́ kankan fún un. A ní kó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó bá ń ṣe tí í máa ń gbàgbé oúnjẹ. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta: ó ní òun ṣì ń rò ó, ṣùgbọ́n kí àwa náà jọ̀wọ́ kọ tiwa ránṣẹ́. Ìbéèrè náà ni a ó gbé síwájú ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹ tètè dé, kí ẹni tó bá lè din dòdò sì mú un dání.