Ẹran Tí A Ń Rà Ní Jos: Ojú Nìkan Kò Tó

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aràn inú ẹran rí. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Jos àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ́pọ̀, ó yẹ kí ẹ fi etí sí i.

Oríṣi aràn méjì ni ọ̀rọ̀ kàn. Èkínní ni aràn gbọọrọ pẹlẹbẹ tí a ń pè ní Taenia solium. Ọmọ rẹ̀ a máa wà nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bí ìléròrò funfun kékeré. Bí wolé-wolé bá fi ọ̀bẹ la ahọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọkàn ẹran, ó lè rí i, bí kò bá ṣọ̀wọ́n jù.

Èkejì ni Trichinella. Ojú lásán kò lè rí èyí nínú ẹran. Ilé àyẹ̀wò ni yóò tú àṣírí rẹ̀. A ó gé gíráàmù kan lára ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi iṣan tó pààlà láàrin àyà àti ikùn. Ti ẹlẹ́dẹ̀ 100 lè parapọ̀ di 100 gíráàmù. A ó lọ̀ ọ́, a ó sì dà á sínú lítà 2 omi gbígbóná pẹ̀lú ásíìdì àti pepsin, èròjà tí ikùn fi ń da oúnjẹ. Ẹ̀rọ yóò máa rò ó fún 30 ìṣẹ́jú. Ẹran yóò dà, aràn kò ní dà. A ó fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ó silẹ̀, a ó sì fi maikirosikóòpù wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Bí aràn bá wà níbẹ̀, a ó tún àyẹ̀wò ṣe títí a ó fi mọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ni ín.

Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Vom, nítòsí Jos, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1924. Ṣùgbọ́n ẹran tí a pa ní ẹ̀yìnkùlé kì í pàdé wolé-wolé, áńbọ̀sì ilé àyẹ̀wò.

Ewu ibẹ̀ kò kéré. Ẹni tó bá jẹ ẹran eléròrò tí kò jinná lè ní aràn nínú. Ẹyin aràn náà yóò máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí ó bá dé inú omi tàbí oúnjẹ, ọmọ aràn lè wọ ọpọlọ ẹni tó jẹ ẹ́, kí ó sì di wárápá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí aràn yìí ti gbilẹ̀, òun ló ń fa nǹkan bí 30 nínú 100 wárápá. Ọ̀pọ̀ ìdílé sì rèé, ayé ni wọ́n ń fura sí!

Nítorí náà, ẹ ra ẹran tí wolé-wolé ti yẹ̀ wò ní odò ẹran. Ẹ sè é kí ó jinná dé inú, kí ó má pọ́n mọ́. Ẹ fọ ọwọ́ àti ẹ̀fọ́ yín, ẹ má ṣe yàgbẹ́ sí gbangba, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ yín máa jẹ̀ káàkiri. Ẹnu tó ń jẹ adùn ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí adùn náà ti wá.